Gerard: olè ni, àbí ọ̀gá ewé?

Ìbéèrè:

Ẹ kú ojúmọ́ o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń fa ọ̀rọ̀ John Gerard mọ́ra wa lọ́wọ́, ará Íńgíláńdì tó kọ ìwé ńlá kan nípa ewé àti egbò lọ́dún 1597. Ẹ̀gbọ́n mi ní bàbá ìmọ̀ ewé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì ti ń da oògùn kọ látinú ìwé náà. Èmi kà á níbìkan pé olè ni, pé iṣẹ́ ẹlòmíràn ló fi orúkọ ara rẹ̀ sí. Ta ló jàre nínú wa? Àti pé ṣé èèyàn lè lo àwọn oògùn yẹn lónìí?

* * *

Kí ẹ̀gbọ́n yín gbé bírò sílẹ̀ ná. Apá kejì ìbéèrè yín ló lè gbé èèyàn dé ọsibítù. Màá dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń dá lẹ́jọ́.

Nantwich ní agbègbè Cheshire ni wọ́n ti bí Gerard lọ́dún 1545. Kò dé yunifásítì. Lọ́dún 1562 ló lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Alexander Mason ní London. Iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni, òun kan náà sì ni iṣẹ́ abẹ, torí inú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn tó ń fá irun àti àwọn tó ń di ọgbẹ́ wà láyé ìgbà náà. Ó gba fìrídọ́ọ̀mù, ìyẹn àṣẹ ẹgbẹ́ láti máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, lọ́dún 1569. Nígbà tó fi máa di 1607, òun ni wọ́n fi jẹ ọ̀gá ẹgbẹ́ náà.

Abẹ kọ́ ló sọ ọ́ di olókìkí. Láti 1577 ló ti ń bójú tó ọgbà William Cecil, Lord Burghley, olórí àwọn ìjòyè Ọbabìnrin Elizabeth. Ọgbà kan wà ní Strand ní London, èkejì wà ní Theobalds ní Hertfordshire. Lọ́dún 1586 Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Oníṣègùn fi í ṣe alábòójútó ọgbà oògùn tiwọn. Ó sì ní ọgbà tirẹ̀ ní Holborn, níbi tó ti ń gbin gbogbo irúgbìn àjèjì tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Lọ́dún 1596 ó tẹ orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú ọgbà náà jáde, wọ́n sì lé ní 1,000. Kò sí ẹni tí a mọ̀ tó ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú, pé kó to gbogbo ohun tó wà nínú ọgbà kan ṣoṣo sínú ìwé.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìwé ńlá náà jáde, The Herball or Generall Historie of Plantes. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,500 ojú ìwé, àwòrán inú rẹ̀ sì tó 1,800. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

* * *

Ẹ̀sùn náà rèé, bí àwọn tó ń fi kàn án ṣe ń tò ó.

Oníṣègùn ará Flanders kan wà, Rembert Dodoens, tó kọ ìwé ewé ní èdè Látìn lọ́dún 1583. John Norton, atẹ̀wé ní London, fẹ́ kó di Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbé ìtumọ̀ rẹ̀ fún Dókítà Priest, ọmọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Oníṣègùn. Priest kú kí iṣẹ́ tó dé ilé ìtẹ̀wé. Gerard ni iṣẹ́ náà wá bọ́ sí lọ́wọ́. Gerard tú ètò Dodoens ká, ó lo ètò Matthias de l'Obel, onímọ̀ ewé mìíràn, dípò rẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. Ó wá kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé òun gbọ́ lóòótọ́ pé Priest ṣe ìtumọ̀ kan, àmọ́ ikú mú ọkùnrin náà lọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ṣègbé pẹ̀lú rẹ̀.

Ìwé kan náà ló tú àṣírí. Àwọn ọ̀rẹ́ Gerard kọ lẹ́tà ìyìn sí iwájú rẹ̀, bí àṣà ìgbà náà. Ọ̀kan nínú wọn, Stephen Bredwell, yin Dókítà Priest fún ìtumọ̀ tó ṣe lórí Dodoens, ó wá ní Gerard ló dé kẹ́yìn, tó sì ṣe gbogbo iṣẹ́ náà lọ́nà tó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì mu. Ẹ gbọ́ ná! Nínú ìwé kan ṣoṣo, ẹnìkan ní ìtumọ̀ ti ṣègbé, ẹnìkejì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olùtumọ̀ nítorí rẹ̀. Wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì ni ti àṣìṣe. James Garret, apòògùn ní London, rí iṣẹ́ náà kó tó jáde, ó sì lọ sọ fún Norton pé àṣìṣe pọ̀ nínú rẹ̀. Norton ránṣẹ́ pe de l'Obel fúnra rẹ̀, tó ń gbé London nígbà náà. De l'Obel ní òun tún ibi tó lé ní 1,000 ṣe kí Gerard tó dá òun dúró. Kí ni Gerard sọ pé ó fà á? Ó ní ọkùnrin náà ti gbàgbé èdè Gẹ̀ẹ́sì! Ọ̀rẹ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀ o. De l'Obel ló jẹ́rìí sí orúkọ àwọn ohun tó wà nínú ọgbà Holborn. Nígbà tí ìjà dé, ó mú ẹ̀dà tirẹ̀, ó fi kálàmù pa ẹ̀rí náà rẹ́, ó sì kọ ọ́ ní Látìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé irọ́ pọ́ńbélé ni.

* * *

Ẹnìkan dáhùn pé: "Gbogbo wọn ló ń da ara wọn kọ nígbà yẹn. Ẹ má fi òfin òde òní dá òkú lẹ́jọ́."

Òótọ́ ni dé ìwọ̀n kan. Ẹ wo William Turner, ọmọ Morpeth, àlùfáà tó sá kúrò nílùú lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹ̀sìn. Oyè "bàbá ìmọ̀ ewé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì" tí ẹ̀gbọ́n yín fi jẹ Gerard, Turner ni wọ́n fi jẹ ẹ́, torí apá àkọ́kọ́ ìwé ewé tirẹ̀ ti jáde ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1551, nígbà tí Gerard ṣì wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àwòrán inú ìwé Turner, ti Leonhart Fuchs ará Jámánì ni.

Ìdí kò ṣòro. Pákó ni wọ́n ń gbẹ́ àwòrán sí lára. Ayàwòrán á yà á, agbẹ́gi á fi ọ̀bẹ gé gbogbo ibi tí kò ní gba tàdáwà kúrò, ewé kọ̀ọ̀kan sì nílò pákó tirẹ̀. Owó ńlá ni. Atẹ̀wé tó bá ti ní irú pákó bẹ́ẹ̀ a máa fi í yá atẹ̀wé mìíràn kí owó rẹ̀ lè padà wálé. Frankfurt ni Norton ti rí tiwọn, pákó tí wọ́n ti fi tẹ àwòrán ìwé Tabernaemontanus, onímọ̀ ewé ará Jámánì, lọ́dún 1590. Nínú nǹkan bí 1,800 yẹn, 16 péré ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ fún Gerard.

Nítorí náà mi ò ka àwòrán mọ́ olè. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé Gerard kì í mọ ewé tó wà nínú àwòrán nígbà mìíràn, ó sì fi àwọn kan sábẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tiwọn.

Mi ò sì bínú pé ó lo Dodoens. Ta ni kò lò ó? Ìbínú tèmi dá lórí gbólóhùn kan ṣoṣo, èyí tó fi ní iṣẹ́ Priest ti ṣègbé. Tó bá kọ ọ́ pé "mo bá iṣẹ́ Dókítà Priest nílẹ̀, mo tẹ̀ síwájú níbẹ̀," kò sẹ́ni tí ì bá pè é lólè títí dòní. Kò sí ohun tí ì bá ná an. Òkú ò lè bá a pín owó ìwé.

* * *

Sí ẹni tó béèrè bóyá Gerard kan náà ni Culpeper, gbajúmọ̀ oníwèé ewé mìíràn: rárá o. Gerard kú lọ́dún 1612, wọ́n sì sin ín sí St Andrew ní Holborn. Ọdún 1616 ni wọ́n bí Nicholas Culpeper. Culpeper ló tú ìwé oògùn Látìn ti Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Oníṣègùn sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1649, kí tálákà lè kà á, inú sì bí àwọn oníṣègùn burúkú. Gerard ní tirẹ̀, ará ilé àwọn ìjòyè ni. Lọ́dún 1604 pàápàá, Ayaba Anne, ìyàwó Ọba James, fún un ní ilẹ̀ ọgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Somerset House, kó máa fi ewé, òdòdó àti èso ránṣẹ́ sí i.

* * *

Ẹ jẹ́ ká yà bàrá díẹ̀, torí ẹnìkan kọ ọ́ pé: "Kí ló kàn wá nínú ewé òyìnbó?"

Ó kàn yín o, ẹ̀yin tó ń jẹ ọbẹ̀ ata. Gerard gbin tòmátì sí Holborn. "Èso ìfẹ́" ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ó ní òórùn rẹ̀ burú, pé oúnjẹ tó ń fún ara kéré, kò sì dára. Ṣùgbọ́n ó ròyìn pé ní Sípéènì àti àwọn ilẹ̀ gbígbóná, wọ́n ń sè é pẹ̀lú ata, iyọ̀ àti òróró, wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Ọbẹ̀ ni ọkùnrin yìí júwe fún ayé, kò sì tọ́ ọ wò!

Ata gan-an ńkọ́? Ó kọ ọ́ pé wọ́n ń tà á ní àwọn ṣọ́ọ̀bù Billingsgate ní London, "ata Gíní" lorúkọ rẹ̀, pé láti Gíní àti Íńdíà ló ti ń wá. Ẹ̀bá òkun tiwa níhìn-ín ni wọ́n ń pè ní Gíní. Amẹ́ríkà ni ata yẹn ti ṣẹ̀ wá, ọkọ̀ àwọn Potogí ló sì gbé e dé etíkun wa. Ataare ló jẹ́ tiwa ní tòótọ́ nínú ohun tí àwọn apòògùn London ń kó sínú àpótí. Ó ti ń dé Yúróòpù láti ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ṣáájú Gerard, "hóró Párádísè" ni wọ́n sì ń pè é.

Ọ̀dùnkún náà wà níbẹ̀. Ó rà á ní Royal Exchange ní London, ó gbìn ín, ó sì ń ta dáadáa títí òtútù fi dé, ló bá jẹrà. Ẹni tó bá ti gbin ẹ̀fọ́ ilé wa sẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Peckham ní London á mọ irú ìbànújẹ́ yẹn. Èmi ti gbin ewúro bẹ́ẹ̀ rí, kò sì rí Kérésìmesì.

Ti pòtétò ló wá yọ gbogbo rẹ̀. Àwòrán pòtétò inú ìwé Gerard ni àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni tẹ̀ jáde, ó sì wà lára 16 tó jẹ́ tirẹ̀. Nínú àwòrán Gerard fúnra rẹ̀ níwájú ìwé, ẹ̀ka pòtétò tó yọ òdòdó ló mú dání. Ó ní Virginia ló ti wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni. Àmọ́ òun ló gbìn ín, òun ló wo òdòdó rẹ̀, òun ló sì júwe rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè ní Dodoens ló ṣe ìyẹn fún un.

* * *

Wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ igi tó ń so ẹyẹ wá. Mo mọ̀ pé ẹ máa mú un wá.

Ní ìparí ìwé rẹ̀, Gerard kọ ọ́ pé igi kan wà tó ń so ìkarahun, ìkarahun á là, ẹyẹ omi tó dà bíi pẹ́pẹ́yẹ ńlá, tí wọ́n ń pè ní barnacle goose, á já bọ́ sínú omi. Kò fi mọ sí pé wọ́n sọ fún òun. Ó ní ní erékùṣù kan ní Lancashire, tí wọ́n ń pè ní Pile of Foulders, ojú òun rí i, ọwọ́ òun sì kàn án.

Àwọn tó kórìíra rẹ̀ ní irọ́ funfun báláú ni. Èmi rò pé ó rí nǹkan kan. Ìkarahun kéékèèké kan wà tó máa ń lẹ̀ mọ́ igi ọkọ̀ tó fọ́ sínú òkun, ó ní ọrùn gígùn bíi ti ẹyẹ, ohun kan tó rí bí ìyẹ́ sì máa ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹyẹ náà ní tirẹ̀, ìhà yìnyín lápá àríwá ayé jíjìn ló ti ń yé ẹyin, kò sì sí ará Íńgíláńdì tó rí ìtẹ́ rẹ̀ rí. Ìtàn ti wà nílẹ̀ láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn. Ó lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìtàn lórí, ó sì rí ìtàn.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ọkùnrin yìí kan náà ló já irọ́ mandrake. Ẹ rántí èso tí Rákélì àti Léà jìjàdù lé lórí nínú Jẹ́nẹ́sísì. Nílẹ̀ Yúróòpù wọ́n ní gbòǹgbò rẹ̀ dà bí èèyàn, pé tí wọ́n bá fà á tu á kígbe, ẹni tó bá gbọ́ igbe náà á kú. Ajá ni kí wọ́n fi fà á. Gerard ní ìsọkúsọ ni, kí àwọn èèyàn yọ ọ́ kúrò nínú ìwé àti nínú orí wọn, torí òun àti àwọn ìránṣẹ́ òun ti hú u, wọ́n ti tún un gbìn lọ́pọ̀ ìgbà, igbe kankan kò sì ta sí àwọn létí.

Ẹ wò ó bẹ́ẹ̀. Lórí ohun tó wà nínú ọgbà rẹ̀, tó fi ọkọ́ kàn, ẹ lè fọkàn tán an. Tó bá ti bọ́ sí òde ọgbà, ẹ wá ẹlẹ́rìí kejì.

* * *

Èyí tó kàn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé náà, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò sí ẹni tó mẹ́nu kàn án látàárọ̀.

Gerard ń lọ ní Kent lọ́jọ́ kan, ó bá àgbẹ̀ kan tí dòjé ńlá tí wọ́n fi ń gé irè oko gé lẹ́sẹ̀, ọgbẹ́ náà jinlẹ̀ gan-an. Ọkùnrin náà rá dé ibi tí ewé kan wà, ó fi ọwọ́ rún un, ó dì í mọ́ ọgbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dá. Gerard ní kó jẹ́ kí òun tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àgbẹ̀ ní rárá, pé òun mọ̀ ọ́n ṣe ju Gerard lọ. Ó ń gún ewé náà pọ̀ mọ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀, ó ń fi lé e. Láàárín ọjọ́ méje, ọgbẹ́ tí oògùn olówó ńlá ì bá fi ogójì ọjọ́ wò san.

Gerard mú ewé náà wá sí London. Ó fi wo ọkùnrin kan ní Gray's Inn, ilé àwọn agbẹjọ́rò, tí wọ́n gún wọnú ẹ̀dọ̀fóró, onítọ̀hún sì yè. Ó wá fún ewé náà lórúkọ. Kí ló pè é? Clown's woundwort, ewé ọgbẹ́ ti ará oko aláìmọ̀kan! Nítorí pé ẹni tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ kò fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn. Orúkọ agbẹjọ́rò wà nínú ìwé. Orúkọ àgbẹ̀ kò sí.

Ẹnìkan ti fèsì pé, "Bí kì í bá ṣe ti Gerard, a ò bá má gbọ́ nípa àgbẹ̀ náà rárá." Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà. Ìyẹn náà ni wọ́n sọ fún àǹtí mi tó ń ta ewé àti egbò lọ́jà n'Íbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá jókòó tì í, ó ń kọ orúkọ ewé àgbo ibà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń sè àti èyí tí wọ́n ń rẹ. Nígbà tí ìwé jáde, "ọlọ́jà kan" ni wọ́n pe àǹtí mi. Wọ́n ní ó yẹ kínú rẹ̀ dùn pé ìmọ̀ rẹ̀ wọ yunifásítì. Àǹtí mi ní kí wọ́n bi wọ́n bóyá orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ wà níwájú ìwé.

Dókítà Priest ṣì rí ẹni gbèjà rẹ̀. Oníṣègùn ni, ó ní ẹgbẹ́, ó ní ọ̀rẹ́ tó mọ Látìn. Àgbẹ̀ Kent yẹn, ta ni yóò bá a pẹjọ́?

* * *

Ẹni tó béèrè ẹ̀dà tó dára jù láti kà: ti 1633 ni. Apòògùn kan ní Snow Hill ní London, Thomas Johnson, ló tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó fi ewé kún un títí wọ́n fi tó nǹkan bí 2,850, ó gba àwòrán tuntun láti ilé ìtẹ̀wé Plantin ní Antwerp, àwòrán sì di 2,766. Òun náà ló kọ ìtàn Priest sílẹ̀ kedere, tó sì sọ pé ìmọ̀ Gerard nínú ìwé àwọn àgbà ò tó nǹkan. Lórí ọ̀rọ̀ igi tó ń so ẹyẹ, ó ní àwọn ará Holland ti rí i pé ẹyin ni ẹyẹ náà ń yé.

Ohun tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún Johnson nìyí: ó fi àmì síbi gbogbo tó bá dé. Àmì àgbélébùú kan wà níbi tó ti yí ọ̀rọ̀ Gerard padà, àmì onígi méjì wà níbi tó ti fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kún un. Ẹ lè ṣí ojú ìwé èyíkéyìí kẹ́ ẹ sì mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ọdún 36 péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì, nítorí náà ẹ má sọ fún mi mọ́ pé kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìgbà náà.

Johnson yìí náà ló gbé òṣùṣù ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan kọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lóṣù April 1633. Bermuda ni wọ́n ti gbé e wá, ó sì tẹ àwòrán rẹ̀ sínú ìwé. Ogun abẹ́lé ló pa á lọ́dún 1644, lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é léṣe ní Basing House.

(Ẹni tó ń bi mí nípa Shakespeare: lọ́dún 2015, òpìtàn kan ní ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tí wọ́n yà sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé 1597, Shakespeare ni. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà, èmi náà ò gbà. Ẹ jẹ́ ká fi mọ bẹ́ẹ̀.)

* * *

Ó wá ku oògùn.

Ìwé Gerard dára láti fi mọ ohun tí wọ́n ń gbìn ní London lọ́dún 1597, láti fi mọ ohun tí àgbẹ̀, atukọ̀ àti apòògùn ń sọ. Kò dára láti fi ṣe àgbo. Ẹ̀kọ́ àtijọ́ nípa ooru àti òtútù ara ni wọ́n fi ń díwọ̀n ewé níbẹ̀: èyí gbóná dé ìpele kẹta, ìyẹn tutù dé ìpele kejì. Ìwọ̀n tí èèyàn máa mu kì í sábà sí níbẹ̀. Àti pé, bí mo ti sọ, àwòrán mìíràn kì í ṣe ti ewé tí orúkọ rẹ̀ wà lókè rẹ̀.

Ẹ gbé foxglove, òdòdó kan nílẹ̀ òyìnbó, yẹ̀ wò. Gerard ní gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, kò wúlò, kò sì ní àyè láàárín oògùn. Lọ́dún 1785 Dókítà William Withering fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ fún ara wíwú tó bá ti ọkàn wá, inú irú foxglove mìíràn sì ni oògùn ọkàn tí wọ́n ń pè ní digoxin ti jáde. Bí èèyàn bá mú ọ̀rọ̀ Gerard pé kò wúlò, tó wá rò pé kò lè ṣe nǹkan kan, ewé díẹ̀ nínú rẹ̀ lè dá ọkàn dúró. Birthwort, ewé mìíràn, ńkọ́? Gerard yìn ín. Àwa mọ̀ lónìí pé ó ní èròjà kan tó ń ba kíndìnrín jẹ́, tó sì ń fa jẹjẹrẹ.

Ẹni tó ni ìbéèrè ti padà wá kọ ọ́ pé ẹ̀yìn ríro ni ẹ̀gbọ́n òun ń wá oògùn fún, pé gbòǹgbò ewé kan tí wọ́n ń pè ní comfrey, tí wọ́n ń rẹ sínú bíà, ló rí nínú ìwé náà.

Mo mọ ibẹ̀. Gerard ní ó wà fún ẹ̀yìn ríro tí ìjàkadì tàbí àṣejù lọ́dọ̀ obìnrin bá fà. Mi ò ní bi ẹ̀gbọ́n yín èwo ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n comfrey ní májèlé tó ń pa ẹ̀dọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún 2001, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn tó ń ta á fún jíjẹ tàbí mímu kó o kúrò lọ́jà. Kì í yára fi ara hàn. Ẹni tó ń mu ún lè máa rìn káàkiri bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Tí kò bá tíì mu nínú rẹ̀, kó da á nù. Tó bá ti mu, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ẹ̀dọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó sì dárúkọ comfrey fún dókítà. Kó má wulẹ̀ sọ pé "àgbo" ni òun mu.